Sáà kejì Trump: èwo nínú àyípadà Amẹ́ríkà ló kan ará Abẹ́òkúta?

Ní ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún 2025, ìjọba Amẹ́ríkà kéde pé Nàìjíríà ti bọ́ sára àwọn orílẹ̀-èdè tí òun ti dá ọ̀pọ̀ físà wọn dúró. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ọ̀hún ti gba ẹnu kan ní Abẹ́òkúta, láti ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní Pánsẹ́kẹ́ dé ìsọ̀ aládìrẹ ní Ìtòkú. Ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ń lọ ó ń bọ̀ lórí WhatsApp. Ọ̀kan ní wọ́n ti ń lé gbogbo ọmọ Nàìjíríà kúrò lọ́hùn-ún. Òmíràn ní kò sí dọ́là tí ọmọ máa fi ránṣẹ́ sílé tí ìjọba wọn kò ní bù nínú rẹ̀. Òmíràn tún ní ọmọ tí a bí síbẹ̀ kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà mọ́.

Òótọ́ wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, àbùmọ́ sì wà níbẹ̀. Ohun tó máa jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà yé ni kéèyàn mọ ọwọ́ tí nǹkan kọ̀ọ̀kan ti wá: èwo ni ààrẹ fi gègé tirẹ̀ nìkan ṣe, èwo ni àwọn aṣòfin sọ di òfin, èwo ló sì wà níwájú adájọ́. Èyí tí ààrẹ fi gègé ṣe, gègé ààrẹ mìíràn lè pa á rẹ́ lọ́jọ́ kan. Èyí tó bá ti di òfin kì í tètè kúrò nílẹ̀.

Ṣé ààrẹ ti lọ rí kó tún padà báyìí?

Donald Trump ṣe ààrẹ láti 2017 sí 2021. Joe Biden borí rẹ̀ nínú ìbò 2020. Ó tún jáde, ó sì na Kamala Harris ní ọjọ́ 5 oṣù Kọkànlá ọdún 2024 pẹ̀lú ìbò àwọn aṣojú ìpínlẹ̀ 312 sí 226. Wọ́n búra fún un ní ọjọ́ 20 oṣù Kìíní ọdún 2025. Ẹnì kan ṣoṣo ló ti ṣe bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀ nínú ìtàn Amẹ́ríkà, ìyẹn Grover Cleveland, tó kúrò ní 1889 tó sì padà ní 1893. Ọdún tó padà yẹn gan-an ni ọrọ̀ ajé wọn dẹnu kọlẹ̀, wàhálà náà kò sì jẹ́ kó sinmi títí sáà rẹ̀ fi parí.

Àwọn ará Abẹ́òkúta kò ní wá irú rẹ̀ jìnnà. Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gbé ìjọba ológun sílẹ̀ ní 1979, ìbò ló gbé e padà ní 1999, wọ́n sì tún un yàn ní 2003. Inú sáà kejì yẹn ni àwọn Paris Club, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè tó yá Nàìjíríà lówó, ti gbà ní 2005 láti fagi lé bílíọ̀nù 18 dọ́là nínú gbèsè Nàìjíríà. Inú rẹ̀ náà ni ariwo sáà kẹta ti gbòde, títí ilé aṣòfin àgbà fi pa á tì ní oṣù Karùn-ún ọdún 2006. Ojú méjì tí sáà kejì máa ń ní nìyẹn. Ẹni tí kò ní tọrọ ìbò mọ́ lè dáwọ́ lé ohun tí ẹ̀rù ìbò kò jẹ́ kó fọwọ́ kàn tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ń lọ mọ́ ọn lọ́wọ́, àwọn tó fẹ́ rọ́pò rẹ̀ á sì ti máa gbára dì kó tó rin ọ̀nà dé ìdajì.

Kí ló dé tí nǹkan fi ń yára tó bẹ́ẹ̀?

Nígbà tí Trump kọ́kọ́ dé, kò ṣe iṣẹ́ ìjọba kankan rí, àwọn kan nínú àwọn tó yàn sípò sì máa ń fà á sẹ́yìn. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ti mọ ọ̀nà ilé, àwọn tó fẹ́ ohun tó fẹ́ ló sì kó sípò. Láàárín ọdún mẹ́rin àkọ́kọ́, àṣẹ ààrẹ 220 ló fọwọ́ sí. Ní ọdún 2025 nìkan, ó ti lé ní 200.

Ìdí tó fi ń lo àṣẹ tó bẹ́ẹ̀ ni pé ọ̀nà òfin le. Ẹgbẹ́ òṣèlú Republican rẹ̀ ní ìjókòó 53 nínú 100 ní ilé aṣòfin àgbà, ó sì jáde nínú ìbò 2024 pẹ̀lú 220 sí 215 ní ilé aṣojú-ṣòfin. Wọ́n pọ̀ jù, ṣùgbọ́n díẹ̀ báyìí ni. Ọ̀pọ̀ àbá òfin ló sì nílò ìbò 60 ní ilé àgbà kó tó lè kọjá. Àbá tó bá jẹ mọ́ owó ìjọba àti owó orí nìkan ni ọ̀nà àbùjá wà fún, ìyẹn ni wọ́n ṣe di ohun púpọ̀ papọ̀ sínú òfin ńlá kan ṣoṣo tí Trump fọwọ́ sí ní ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 2025. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì kò rí ọ̀rọ̀ náwó-náwó bá ara wọn sọ, ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ wọn wà ní títì pa fún ọjọ́ 43, láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá sí ọjọ́ 12 oṣù Kọkànlá. Títí di ìgbà náà, irú rẹ̀ kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ṣé lóòótọ́ ni pé wọ́n ti tilẹ̀kùn físà mọ́ wa?

Ìlẹ̀kùn náà kò tì lẹ́ẹ̀kan náà. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń tì í.

Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ wáyé ní ọjọ́ 8 oṣù Keje ọdún 2025. Físà àbẹ̀wò tí wọ́n ń fún ọmọ Nàìjíríà tẹ́lẹ̀ lè lo ọdún márùn-ún, ẹni tó ni ín á sì máa lọ máa bọ̀. Láti ọjọ́ náà, ó di oṣù mẹ́ta, ìgbà kan ṣoṣo lèèyàn sì lè fi wọlé. Ẹ mú ìwé ìrìnnà ìyá àgbà méjì tí wọ́n fẹ́ lọ bá ọmọ wọn tọ́jú ìkókó ní Houston. Ní abẹ́ ibi tí wọ́n kọ "Entries" sí lára físà, ti ẹni tó gbà á ní 2023 ní lẹ́tà M, ìyẹn ni pé iye ìgbà tó bá wù ú ló lè wọlé kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Ti ẹni tó gbà á lẹ́yìn oṣù Keje 2025 ní nọ́ńbà 1. Bí ìyá yìí bá padà sílé tí ọmọ rẹ̀ tún bímọ mìíràn, ó di dandan kó tún owó san, kó tún tò fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, kó sì tún máa retí ohun tí wọ́n máa sọ.

Ní oṣù Kẹjọ, ilé iṣẹ́ aṣojú wọn tún rán àwọn tó ń tọrọ físà létí pé gbogbo orúkọ tí wọ́n ti lò lórí ìkànnì ayélujára láàárín ọdún márùn-ún gbọ́dọ̀ wà nínú fọ́ọ̀mù DS-160. Ẹni tó bá fi ọ̀kan pamọ́, wọ́n lè tìtorí ẹ̀ kọ̀ ọ́. Àwọn tó ń bá èèyàn kọ fọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ fojú sí èyí dáadáa, torí ojúewé tí a ti gbàgbé pátápátá náà wà lára rẹ̀.

Èyí tó wá le jù ni ti oṣù Kejìlá, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2026. Ó dá físà àwọn tó fẹ́ kó lọ máa gbébẹ̀ dúró, ó dá ti àbẹ̀wò àti òwò dúró (B-1 àti B-2), ó sì dá ti akẹ́kọ̀ọ́ àti ti pàṣípààrọ̀ ẹ̀kọ́ dúró (F, M àti J). Ìdí méjì ni ìwé àṣẹ náà sọ. Àkọ́kọ́ ni pé Boko Haram àti ẹgbẹ́ ISIS ń rìn fàlàlà ní àwọn apá ibì kan ní Nàìjíríà, ìyẹn kò sì jẹ́ kó rọrùn láti mọ ẹni tó ń bọ̀. Ìkejì ni àwọn tó kọjá ọjọ́ tí wọ́n fún wọn: wọ́n ní ó jẹ́ 5.56% nínú àwọn tó gba físà àbẹ̀wò, àti 11.90% nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti aláṣepàṣípààrọ̀.

Ta ni kò kàn? Ẹni tó ní gíríìn káàdì kò sí nínú rẹ̀. Ẹni tó ní ìwé ìrìnnà orílẹ̀-èdè mìíràn tí òfin náà kò kàn, tó sì fi ìyẹn rìn, kò sí nínú rẹ̀. Físà tó ti wà nínú ìwé ìrìnnà èèyàn kí ọjọ́ 1 oṣù Kìíní tó pé kò kú, ọjọ́ tí wọ́n kọ sára rẹ̀ ló máa lò. Nítorí náà, irọ́ ni pé wọ́n ń fi àṣẹ yìí lé àwọn tó ti wà lọ́hùn-ún. Ẹni tó sì rò pé òun lè gba Kùtọnú yọ fún ara rẹ̀, kó mọ̀ pé Orílẹ̀-èdè Benin náà wà nínú ìwé kan náà, bẹ́ẹ̀ sì ni ìwé ìrìnnà tí èèyàn mú lọ́wọ́ ni wọ́n ń wò, wọn kì í wo ìlú tó ti kọ fọ́ọ̀mù.

Ìhà méjèèjì kò fẹnu kò lórí ohun tó fa àyípadà oṣù Keje. Ní oṣù Keje, mínísítà fọ́rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè nígbà náà, Yusuf Tuggar, sọ pé Amẹ́ríkà ń fúngun mọ́ àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà kí wọ́n gba àwọn ọmọ Venezuela tí wọ́n ń lé, àti pé Nàìjíríà kò lè gbà á nítorí ìṣòro tiwa náà tó wa. Ilé iṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà fèsì pé àyípadà físà kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú ìyẹn tàbí pẹ̀lú BRICS (ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè bíi Brazil, Rọ́ṣíà, Íńdíà àti Ṣáínà), ọ̀rọ̀ ààbò àti ìlànà ni.

Àwọn tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn ọ̀dọ́. Ọmọ Nàìjíríà tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Amẹ́ríkà lé ní 20,000, àwa la sì pọ̀ jù níbẹ̀ nínú gbogbo Áfíríkà. Ọmọ tó jáde yunifásítì FUNAAB ní Abẹ́òkúta pẹ̀lú èsì tó dára, tí yunifásítì lọ́hùn-ún ti gbà wọlé tí wọ́n sì máa san owó rẹ̀, kò tíì tẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà rí débi tó máa kọjá ọjọ́ tí wọ́n fún un. Ìṣirò àwọn ẹlòmíràn, tí kò sí òun láàárín wọn, ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Bẹ́ẹ̀, àṣẹ ààrẹ ni gbogbo èyí, kì í ṣe òfin. Wọ́n máa ń tún un gbé yẹ̀ wò láti ìgbà dé ìgbà, ààrẹ sì lè yọ orílẹ̀-èdè kúrò bó ṣe fi í sí i.

Ọmọ tí a bí síbẹ̀ ńkọ́?

Ọjọ́ tí wọ́n búra fún un ni Trump fọwọ́ sí àṣẹ pé ọmọ tí ìyá rẹ̀ kò ní ìwé, tàbí tí ìyá rẹ̀ wá fún ìgbà díẹ̀, tí bàbá rẹ̀ kì í sì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà tàbí onígíríìn káàdì, kò ní jẹ́ ọmọ ilẹ̀ náà. Àtúnṣe kẹrìnlá sí ìwé òfin wọn, tó ti wà láti 1868, sọ pé ẹni tí wọ́n bá bí síbẹ̀ tó sì wà lábẹ́ òfin ilẹ̀ náà jẹ́ ọmọ ibẹ̀. Gbólóhùn kejì yẹn, "lábẹ́ òfin ilẹ̀ náà", ni ìjọba dì mú. Àwọn adájọ́ ti dá àṣẹ náà dúró léraléra, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì gbà ní oṣù Kejìlá ọdún 2025 láti gbọ́ ẹjọ́ náà. Àwọn ọmọ tí a ti bí ṣáájú kò sí nínú rẹ̀ rárá.

Ta ló ń san owó ibodè, báwo ló sì ṣe dé ọ̀dọ̀ aládìrẹ?

Ibi tí àṣìyé pọ̀ sí jù nìyí. Ọ̀pọ̀ rò pé ìjọba Nàìjíríà ló ń san án fún Amẹ́ríkà. Rárá o. Ẹni tó ń gba ọjà wọlé lọ́hùn-ún ló ń san án fún aṣọ́bodè wọn, òun náà á wá pinnu bóyá òun máa bù ú lé oníbàárà lórí, tàbí òun máa ní kí ẹni tó ń tajà dín owó kù.

Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 2025, Trump kéde owó ibodè lórí ọjà gbogbo ayé. Ó fi 14% sórí ti Nàìjíríà, ó dá a dúró lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ó sì wá di 15% láti ọjọ́ 7 oṣù Kẹjọ. Epo rọ̀bì, tó jẹ́ olórí ohun tí Nàìjíríà ń tà fún wọn, kò sí nínú rẹ̀. Kòkó náà bọ́ nínú rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá, nígbà tí owó oúnjẹ ń pa àwọn ará Amẹ́ríkà fúnra wọn lára.

Àdìrẹ kò rí irú àánú bẹ́ẹ̀. Ohun tó sì kan aládìrẹ jù kì í ṣe 15% yẹn fúnra rẹ̀. Òfin kan wà tẹ́lẹ̀ tó jẹ́ kí ẹrù tí owó rẹ̀ kò ju 800 dọ́là lọ wọ Amẹ́ríkà láìsan kọ́bọ̀. Abẹ́ òfin yẹn ni àwọn obìnrin tó ń ta àdìrẹ ẹlẹ́kọ àti àdìrẹ oníko lórí Instagram láti Ìtòkú àti Kẹ́mta ń gbà. Wọ́n á ká aṣọ náà, wọ́n á fi ọ̀rá wé e kí aró má baà ràn, wọ́n á sì fún àwọn tó ń kó ẹrù lọ sókè òkun. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ ọdún 2025, ìjọba Trump dá àǹfààní náà dúró fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Àdìrẹ tí owó rẹ̀ jẹ́ 300 dọ́là ń lọ sọ́dọ̀ oníbàárà kan ní Atlanta. Ṣáájú ọjọ́ náà, òfo ni owó ibodè. Lẹ́yìn rẹ̀, nígbà tí 15% ṣì ń ṣiṣẹ́, ìyẹn nìkan ti di 45 dọ́là, owó tí wọ́n ti ń gbà lórí aṣọ láti ọjọ́ pípẹ́ á tún gun un, owó iṣẹ́ ẹni tó ń bá wọn ṣe ìwé rẹ̀ á sì tẹ̀ lé e. Oníbàárà tó rò pé òun ti sanwó tán lè rí ìwé owó mìíràn lẹ́nu ọ̀nà. Bó bá sì kọ̀ tí kò gba ẹrù, ọrùn ẹni tó fi í ránṣẹ́ ni àdánù ń wá. Àwọn tí aṣọ Ṣáínà tí ẹ̀rọ tẹ̀ bí àdìrẹ ti ń gba ọjà mọ́ lọ́wọ́ nílé ni èyí tún wá bá.

Òfin AGOA, tí Amẹ́ríkà ṣe ní ọdún 2000 kí ọ̀pọ̀ ọjà Áfíríkà lè wọlé láìsan owó ibodè, náà parí ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025. Trump kọ́ ló pa á. Ọjọ́ rẹ̀ ló pé, àwọn aṣòfin kò sì tún un ṣe kó tó pé. Oṣù Kejì ọdún 2026 ni wọ́n tó sọ ọ́ jí, títí di ìparí ọdún náà.

Àwọn tó fara mọ́ owó ibodè ní ó máa dá iṣẹ́ padà sí ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà, ó sì ń mú owó wọlé fún ìjọba. Àwọn tó lòdì sí i ní ará Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ ló ń san án nígbẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ òfin tún wà níbẹ̀. Òfin ìgbà pàjáwìrì ti 1977 ni Trump fi gba ọ̀pọ̀ nínú owó náà, bẹ́ẹ̀ ìwé òfin wọn fi agbára owó ibodè sọ́wọ́ àwọn aṣòfin. Àwọn ilé ẹjọ́ kan dá a lẹ́bi nínú ọdún 2025, ẹjọ́ náà sì dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, tí àwọn adájọ́ gbọ́ ti ìhà méjèèjì ní ọjọ́ 5 oṣù Kọkànlá. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kejì ọdún 2026, wọ́n dájọ́ pé òfin 1977 yẹn kò fún un ní agbára láti gba owó ibodè.

Ṣé wọ́n máa bù nínú owó tí ọmọ ń fi ránṣẹ́?

Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ni, kò sì kan gbogbo ènìyàn. Inú òfin ọjọ́ 4 oṣù Keje yẹn ló wà. Àbá àkọ́kọ́ sọ 5%, ó wálẹ̀ sí 3.5%, ó sì kú sí 1%, láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2026. Ẹni tó bá gbé owó ní ọwọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń fowó ránṣẹ́ ló kàn: bó bá fi 200 dọ́là ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ ní Àsẹ́rò, á san 2 dọ́là lé e. Ẹni tó bá fi í ránṣẹ́ láti inú àkáùntì báǹkì rẹ̀ tàbí pẹ̀lú káàdì báǹkì Amẹ́ríkà kò ní san án. Ṣùgbọ́n òfin gidi ni èyí, kì í ṣe àṣẹ. Kò ní bá Trump lọ.

Oògùn àwọn tó ní HIV ńkọ́?

Ọjọ́ tí Trump dé ló dá ìrànlọ́wọ́ ilẹ̀ òkèèrè dúró. Nígbà tó fi di ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 2025, USAID, àjọ tó ń pín ìrànlọ́wọ́ náà, tí ààrẹ Kennedy dá sílẹ̀ ní 1961, ti kógbá sílé, ohun tó kù níbẹ̀ sì bọ́ sábẹ́ ilé iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè wọn. Owó PEPFAR, ètò Amẹ́ríkà lórí HIV tí ààrẹ George W. Bush bẹ̀rẹ̀ ní 2003, ló ti ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ìtọ́jú HIV ní Nàìjíríà. Wọ́n yọ̀ǹda oògùn tó ń gba ẹ̀mí là láàárín ọjọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti ba àwọn aláìsàn. Ẹni tó ń lọ gba oògùn rẹ̀ ní ilé ìwòsàn mọ̀ pé bí òun bá fo oògùn, kòkòrò náà lè lágbára ju oògùn lọ.

Ìjọba àpapọ̀ wa fọwọ́ sí bílíọ̀nù 4.8 náírà fún oògùn HIV ní oṣù Kejì ọdún náà, àwọn aṣòfin ní Àbújá sì fi 200 mílíọ̀nù dọ́là kún owó ìlera. Ní oṣù Kejìlá, orílẹ̀-èdè méjèèjì fọwọ́ sí àdéhùn ọdún márùn-ún: Amẹ́ríkà máa mú nǹkan bíi bílíọ̀nù 2.1 dọ́là wá, Nàìjíríà máa mú nǹkan bíi bílíọ̀nù mẹ́ta. Iye tí Nàìjíríà ṣèlérí yẹn ló yẹ kí á máa ṣọ́ nínú ètò ìṣúná ọdọọdún, torí owó tí a kọ sínú ìwé àti owó tó jáde kì í sábà dọ́gba nílẹ̀ wa.

Báwo ni Sókótó ṣe wọ ọ̀rọ̀ yìí?

Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, Trump tún kọ Nàìjíríà sínú ìwé àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń ni àwọn ẹlẹ́sìn lára. Sáà rẹ̀ àkọ́kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ fi í síbẹ̀, ní 2020. Ìjọba Biden yọ ọ́ ní 2021. Òfin òmìnira ẹ̀sìn wọn ti 1998 ló dá ìwé náà sílẹ̀, kò sì pọn dandan kí ìyà kankan tẹ̀ lé e; ọwọ́ ààrẹ ló kù sí. Lọ́jọ́ kejì ló lérí pé òun lè rán ọmọ ogun wá. Nígbà tó di ọjọ́ Kérésìmesì, Amẹ́ríkà ju àdó olóró sí àwọn tó pè ní ẹgbẹ́ ISIS ní ìpínlẹ̀ Sókótó. Ìjọba Nàìjíríà sọ pé àwọn mọ̀ sí i, àwọn sì bá wọn ṣe é. Àfọ́kù ohun ìjà náà já sí Jabo ní Sókótó, òmíràn sì já sí Ọ̀fà, ìlú Yorùbá ní Kúwárà.

Àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà bíi Ted Cruz ní àwọn Kristẹni ni wọ́n dójú sọ pa, ìjọba wa sì ń wò wọ́n níran. Ìjọba Tinubu ní àwọn apániláyà ń pa Mùsùlùmí àti Kristẹni, pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀, màlúù, ìjínigbé àti àìsí ọlọ́pàá tó tó ló dàpọ̀ mọ́ ti ẹ̀sìn. Àwọn mìíràn sì gbà pé ìhà méjèèjì ní òótọ́ díẹ̀ lọ́wọ́: pé wọ́n ń pa Kristẹni ní àwọn abúlé kan ní àárín gbùngbùn nítorí ẹni tí wọ́n jẹ́, àti pé Mùsùlùmí ló ń kú jù ní ọ̀nà Zamfara àti Bọ̀rnó. Ní Abẹ́òkúta, níbi tí ẹbí kan náà ti ń lọ sí St. Peter's ní Aké lọ́jọ́ Àìkú tí àwọn kan nínú wọn sì ń kírun Jímọ̀ ní Kóbìtì, kò rọrùn láti fi ojú kan ṣoṣo wo ọ̀rọ̀ náà. Ohun tó dájú ni pé ẹjọ́ ààbò yìí ti wọ inú ẹjọ́ físà, torí Boko Haram wà nínú ìdí tí wọ́n kọ sínú àṣẹ oṣù Kejìlá.

Kí ló lè dín agbára rẹ̀ kù, ṣé ó sì lè ṣe ẹ̀kẹta?

Ọjọ́ 3 oṣù Kọkànlá ọdún 2026 ni ìbò àárín sáà. Gbogbo ìjókòó 435 ní ilé aṣojú-ṣòfin ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú bíi ìdá kan nínú mẹ́ta ilé àgbà. Ẹgbẹ́ tó wà lórí oyè sábà máa ń pàdánù nínú irú ìbò bẹ́ẹ̀. Ilé aṣojú-ṣòfin bọ́ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ Trump ní 2018. Bó bá tún bọ́, òfin ńlá mìíràn á ṣòro, àwọn alátakò á lè pe àwọn mínísítà rẹ̀ wá jẹ́jọ́ ẹnu wọn, àṣẹ ààrẹ nìkan ni á sì kù tó lè fi máa ṣiṣẹ́. Owó náà jẹ́ ẹrù: àwọn oníṣirò ìjọba wọn ṣírò pé òfin oṣù Keje lè fi tírílíọ̀nù 3.4 dọ́là kún àìtó owó ìjọba láàárín ọdún mẹ́wàá.

Ní ti sáà kẹta, àtúnṣe kejìlélógún sí ìwé òfin, tó ti fìdí múlẹ̀ láti 1951, sọ pé kò sí ẹni tí wọ́n lè dìbò yàn ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ, yálà ó tẹ̀ lé ara wọn tàbí kò tẹ̀ lé ara wọn. Kí wọ́n tó lè yí i padà, ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé aṣòfin méjèèjì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, ìpínlẹ̀ 38 nínú 50 sì gbọ́dọ̀ gbà. Ìbò tí wọ́n máa fi yan ẹni tó máa gbapò rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 7 oṣù Kọkànlá ọdún 2028, wọ́n á sì búra fún ẹni náà ní ọjọ́ 20 oṣù Kìíní ọdún 2029.